Òkúta Ni Zoël Kọ Síwèé

Ìparí oṣù kẹjọ la máa ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn,
táńkì oníke, líta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
nígbà tí ìrudi sípúrúùsì bá ti le,
tó ti pa ojú dé bí ọmọ tó sùn wọra,
tí èpò ṣì lanu, tó ṣì ń mu.
Bó o bá yá jù, o pa ọmọ mọ́ olè.
Bó o bá pẹ́ jù, ewé ti wọ́,
oògùn kò rí ẹnu wọ̀.

Lókè odò Restigouche, ní Níù Bọ́rúnsíwíkì,
ilẹ̀ tí wọ́n gé igi rẹ̀ kanlẹ̀ kì í sinmi.
Lọ́dún kìíní, kùkùté nìkan.
Lọ́dún kejì, rásíbẹ́rì dé, ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè é,
igi funfun eléèpo bíi bébà tẹ̀ lé e,
koríko gba ìyókù.
Ọmọ sípúrúùsì tí a gbìn kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ,
ó dúró láàárín wọn bí àlejò nídìí àwo,
tí apá rẹ̀ kò tó ọbẹ̀.
Oòrùn ń kọjá lórí rẹ̀, kò yà.

Èpò ni wọ́n pè é nínú ìwé iléeṣẹ́.
Philomène, ìyá mi, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.
Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń ká a,
agolo ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ló fi okùn so mọ́ ìbàdí,
ẹ̀gún ti kọ ìlà sí i lápá títí dé ìgúnpá.
Ìgò jáàmù mẹ́rìnlélógójì lọ́dún tí òjò dára.
Jáàmù yẹn ló ra bàtà tí mo fi kọ́kọ́ lọ síléèwé.

Aró búlúù la ń pò mọ́ oògùn,
ká lè mọ ibi tí a fín dé.
Èékánná mi búlúù, etí aṣọ mi búlúù,
ajá wa kò sún mọ́ mi fún ọjọ́ méjì.
Kì í pa wéré.
Ewé ló ń mu ún, gbòǹgbò ló ń kú.
Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí igbó tó mọ̀ pé òun ti lọ.

Ìyá mi bá pátákó wa pàdé lẹ́nu ọ̀nà:
A ti fín oògùn síbí. Ẹ má ká èso.
Ó kà á, ó tún un kà.
"Ìwọ lo fín in?"
Mo ní, "Èmi náà ni, Màmá."
Ó ní, "Ó dáa."
Ó wá ń yí agolo náà lọ́wọ́
bí ẹni tí kò rántí ibi tó ti mú un.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oko kẹtàdínlógún,
mo dé igun kan létí ọ̀nà àtijọ́,
ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀.
Mo ti ẹnu fáńpù. Mo rìn kọjá.
Zoël, ọ̀gá wa, dé pẹ̀lú máàpù rẹ̀,
ó wo ewé tí kò ní búlúù, ó wo ojú mi.
"Kí ló wà níhìn-ín?"
N kò dáhùn.
Ó la pẹ́ńsù lẹ́nu, ó fa ìlà yí igun náà ká,
ó kọ ọ́ sí i: òkúta.

Ó di ọdún karùn-ún kí n tó padà lọ kà wọ́n.
Níbi tí a fín, nínú àádọ́ta, mẹ́rìndínláàádọ́ta yè,
wọ́n kàn mí láyà, wọ́n dú mìnìjọ̀.
Nígun òkúta, nínú ogójì, mẹ́sàn-án,
tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pọ́n bí òwú àtùpà.
N kò ní purọ́: ìwé iléeṣẹ́ kò ṣìnà nípa igi.

Mo jókòó láàárín rásíbẹ́rì, mo ká agolo kan kún.
Ẹsẹ̀ ìyá mi kò gun òkè mọ́.
Ó mú ẹyọ kan, ó fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu.
"Tọdún yìí kan díẹ̀," ló wí.
Ó tún mú òmíràn.