Ìdò Inú Ike Ọ̀dà

Nígbà tí onílé lé wa ní Òkè-Àró,
bẹ́ẹ̀dì la kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà sítóòfù.
Morádéùn nìkan ló padà sẹ́yìnkùlé,
ó fi ọ̀bẹ ìdáná hú ìdò,
ó dì í sínú ìwé ìròyìn bí ẹran iléyá.

Inú ike ọ̀dà tó ti sán la gbìn ín sí ní Ọbà-Ilé.
Oṣù méjì, kò fọhùn.
Mo ní ó ti jẹrà.
Kò dá mi lóhùn, ó ń da omi ìrẹsì sí i.

Àná, lẹ́yìn òjò,
ewé kan yọ, ó ká bí ẹní tí a kò tíì tẹ́.
Mo lọ pọn omi.

Onílé tuntun dúró wò ó:
"Tó bá ta, ẹ bù fún mi."
Morádéùn ní, "Ọdún mélòó lẹ máa fún wa ná?"