Òwú Iná Kétu

Ìyá àgbà bi Láléyẹ léèrè:
"Epo tí ẹ ń rọ sínú irin yẹn,
òwú rẹ̀ dà?
Àtùpà wo ló ń jó tí a ò rí ọwọ́ iná rẹ̀?"

Láléyẹ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.
"Ìyá, inú irin ló ti ń jó.
Atẹ́gùn la kọ́kọ́ fún pọ̀ títí ó fi gbóná janjan,
a wá ta díísù sí i, tín-ń-tín,
gbàù!
Písítìnì sáré, ó yí ọ̀pá,
ọ̀pá yí òòfà láàárín wáyà bàbà
tí a lọ́ yíká bí òwú lára ìrànwú.
Òòfà ò fara kan wáyà o,
síbẹ̀ iná jí."

Ìyá dákẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn ògiri,
ife ń gbọ̀n lórí tábìlì,
gílóòbù tàn dé ẹnu Àkàbà.
"Wáyà yẹn lòwú," ló wí.
"Ẹ kàn gbé òwú jìnnà sí epo ni."

Nígbà tó di àárọ̀, dúrọ́ọ̀mù ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan,
ọkọ̀ epo láti Kútọnu ò tíì dé.
Láléyẹ wọlé, aṣọ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ó bá ìyá lẹ́bàá fèrèsé
tó ń lọ́ òwú tuntun sí àtùpà.