Ṣé O Ti Wọlé?

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mo wà nínú ilé.
Màámi wà nínú ilé. Ewúrẹ́ Àǹtí Mùìbátù pàápàá
wà nínú ilé, ó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.
Síbẹ̀ gbogbo Pópó Ọba ló ń sọ pé
Ṣakírátù ò wọlé.

Máàkì mẹ́sàn-án ló kù.
Mẹ́sàn-án! Kò tó epìyà tí wọ́n fi ń ṣe èènì.
Wùràọlá di ẹrù, ó kọjá sí Ìbàdàn,
ó ní òun á máa pè mí. Ó pè lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá mi ò bínú. Ó kàn wo ojú ọ̀sà títí,
ó ní, "Ọdún kan kì í ṣe ọjọ́ ayé,
ṣùgbọ́n o ò ní fi jókòó.
Lọ bá ẹ̀gbọ́n mi létí omi."

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Bàbá Ṣẹ́fíù
tó ń kan ọkọ̀ lẹ́yìn ọjà ẹja,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń rùn bí ọ̀dà àti òbòkún.
Ó fún mi ní òwú àti irin kan tó ti kú lẹ́nu,
ó ní kí n máa ki òwú bọ àárín pákó sí pákó.
Kò kọ́ mi. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ á kọ́ ẹ."
Ọwọ́ mi kọ́ mi: ó wú, ó bó, ó le.

Láago mẹ́rin, n ó fi kẹrosíìnì fọ ọ̀dà,
n ó sáré lọ sílé Tíṣà Ògúnmódẹdé,
tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ kan ò ríran mọ́,
tó ń kọ́ mi ní físíìsì fún owó àkàrà.
Màámi ní orí kan ò lè ru ẹrù méjì.
Mo ní, Màámi, ọkọ̀ ń ru jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíṣà bi mí lọ́jọ́ kan, "Kí ló ń mú ohun tó wúwo léfòó?"
Mo la ẹnu, ìwé ò jáde.
Ohun tó jáde ni ọkọ̀ Alájì Múkáílà,
ogójì àpò sìmẹ́ǹtì tí a kó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Rú,
bó ṣe ń rì díẹ̀díẹ̀ títí dé ìlà pupa,
tó wá dúró, bí ìgbà tí omi ní ó tó.
"Omi tí ọkọ̀ lé kúrò ni, sà.
Ìwúwo rẹ̀ ló padà wá gbé ọkọ̀."
Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Ó ní, "Máàkì mélòó lo ní ó kù?"

Nípárí oṣù Igbe, a ti ọkọ̀ kan sínú ọ̀sà,
èyí tí mo dá dí láti imú dé ìdí.
Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ti mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀.
Omi nìkan ló ń wọlé láìṣe ìdánwò.
Mo di igbá mú, mo ń gbọ́n ọn, mo ń sunkún.
Bàbá Ṣẹ́fíù jókòó sórí òkúta, ó ń tayín.
"Fi í sílẹ̀. Pákó gbígbẹ ni.
Ọkọ̀ tuntun á kọ́kọ́ mumi kó tó mọ bí a ṣe ń kọ omi.
Á wú, á fún mọ́ra. Wá wò ó lọ́túnla."

Ọ̀túnla bọ́ sọ́jọ́ ìdánwò.
Mo gba etí omi kọjá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.
Ẹnìkan ti gbọ́n ọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ pa inú rẹ̀:
ó gbẹ, àfi igun òsì kan
tí omi bíńtín sùn sí. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ tó ń ka ìka kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta.
Ìlà ìka mi ti bó tán.
Ọkùnrin náà ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"
Mo ní, "Mo ń dí ọkọ̀."
Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi,
ó nu ẹ̀rọ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó ní kí n tún un tẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló ní,
"Ó dáa. Wọlé."