Okùn Kò Dé Omi

Mo lówó. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn
kí ẹ tó fojú aláìní wò mí.
Owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè,
fóònù ké nínú àpò ṣòkòtò mi,
mo gbé awò ojú wọ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì:
ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́sàn-án, àti díẹ̀ lórí.

Bẹ́ẹ̀ Bùsárì wà nínú kòtò lẹ́yìnkùlé mi
ní Arówómọlé (orúkọ àdúgbò yìí ń fi mí ṣẹ̀sín),
ó ti gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún.
Ó ní àpáta ló kù,
ó ní òun ò mọ tíránsífà,
owó tọ́wọ́ òun bá kàn nìkan lowó.
Ẹ̀ẹ̀rùn Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sì í báni ṣàwàdà.

Mo dé Tákíè kí oòrùn tó mú.
Ìlà ti kọjá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe.
Ọkùnrin kan fi búlọ́ọ̀kù gba àyè rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ mu ògì.
Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà lára ògiri;
ọ̀kan ló ń fọhùn.

Nígbà tó kàn mí, mo tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin.
Ẹ̀rọ náà kùn bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí.
Ó ní ó ju ìwọ̀n lọ.
Mo tẹ ogójì. Ó ju ìwọ̀n lọ.
Mo tẹ ogún, ó kà á sílẹ̀ fírífírí,
owó tuntun tó ń rùn bí ìwé ilé ẹ̀kọ́.
Mo tún ki káàdì bọ̀ ọ́, ogún mìíràn jáde.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní tòní tán,
ó sì ti káàdì mi síta
bí ọmọ tó tu àgbo dànù.

"Ta ló ń wọn owó mi fún mi?"
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
mi ò kọ́ ẹnì kan rí
pé ká yọ ogójì nínú àádọ́sàn-án, kó ku òdo.

Ọmọbìnrin kan jáde láti inú báńkì,
Oyèbísí ló wà lára báàjì rẹ̀.
"Bàbá, owó yín ò sọnù.
Ogún lẹ́ẹ̀kan, ogójì lóòjọ́, bí irú káàdì yín ṣe rí nìyẹn.
Tẹ́ ẹ bá lọ sí ẹ̀rọ báńkì míì, yóò bá yín débẹ̀,
wọ́n á tún yọ owó iṣẹ́ lé e.
Tí aago méjìlá òru bá lù, òǹkà á bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pọ̀ sí i, ẹ wọlé wá kọ̀wé."
Mo wo ìlà inú ilé. Ó gùn ju tìta lọ.
Ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ká ní olè ló mú káàdì yín lọ ńkọ́?"

Mo dákẹ́.
Mo rántí ìyá mi, tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ àpótí gàrí mọ́dìí,
agolo kan láàárọ̀, kò gbọdọ̀ lé.
A máa ń bínú sí i,
bẹ́ẹ̀ gàrí ò tán nílé wa rí kí òjò tó dé.
Ṣùgbọ́n ìyá mi ló ni gàrí.
Èmi ni mo ni owó yìí.
Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi tán.

Bùsárì gòkè wá, amọ̀ pupa dé etí rẹ̀.
Ó tutọ́ sọ́wọ́, ó ka owó, ó tún un kà.
"Tíṣà, ẹsẹ̀ bàtà méjì lèyí gbẹ́ nínú àpáta."
Ó gbẹ́ méjì. Ó kó ṣọ́bìrì, ó lọ.

Lálẹ́, mo ju òkúta sínú kòtò.
Ìró gbígbẹ.
Omi wà nísàlẹ̀, Bùsárì búra, ó ní òun gbọ́ òórùn rẹ̀.
Owó wà ní báńkì, fóònù búra.
Okùn ni kò dé.

Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀.
Mo ti wọ bàtà.