Hóró Kòkó Kan, Ẹnì Kan

Mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ni káńsù ní ó kàn wá lọ́dún yìí.
"Ẹ̀yin ará Ìjọ̀kà, ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe."
A kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀fẹ̀.
Ta ló bi wá léèrè rí?

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí a gbá gọ́tà tán,
a jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
orúnkún àgbàlagbà ń kan àgbọ̀n.
Abọ́ mẹ́ta wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé:
funfun ni ti kànga ẹ̀rọ,
pupa ni ti tíránsífọ́mà,
aláwọ̀ ewé ni ti afárá orí Àlá,
níbi tí pákó méjì ti ń ṣe iṣẹ́ afárá
láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ.

Akíndọlire tó ń ra kòkó ló kó ìbò wa wá.
Hóró kan, ẹnì kan.
Alàgbà Fáṣúyì ní, "Ẹni tó ní àpò kòkó nílé ńkọ́?"
A rẹ́rìn-ín títí, omi bọ́ lójú wa,
síbẹ̀ a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo rẹ̀.
A mọ ara wa.

Aránṣọ ni mí.
Máṣíìnì oníná mi ti di àga tí ológbò ń sùn lé,
mo ti padà sórí elẹ́sẹ̀,
kókósẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì tí a rẹ sómi.
Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti yan pupa.
Mo ti bá onídìrí sọ ọ́, mo bá alágbẹ̀dẹ góòlù sọ ọ́,
mo bá ìyá tó ń ta omi tútù sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ka orí wa lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ogójì,
èmi níbẹ̀, ọkọ mi níbẹ̀.

Ni Túnráyọ̀ bá dìde, ọmọ tí kò tíì tó ìbò dì.
Ó gbé sálúbàtà ẹyọ kan sókè.
"Ìkejì rẹ̀ wà nínú Àlá."
Ó jókòó.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Mo wo ọkọ mi; ilẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n kà á sétí wa, hóró kọ̀ọ̀kan ń dún lórí tábìlì.
Kànga: mọ́kàndínlógún.
Tíránsífọ́mà: mọ́kàndínlógójì.
Afárá: ogójì.

Lálẹ́ mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lẹ́bàá àtùpà.
Ṣọ́ọ̀kì wà lára àtàǹpàkò rẹ̀,
ó wà lára tèmi náà.
Mi ò bèèrè.
Aṣọ ìkélé tó sá sẹ́yìn rẹ̀ dìbò,
èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán an,
mo sì rán an nípọn.

Òkúta ti dé báyìí; owó tó kù, a ń retí.
Ní àfẹ̀mọ́jú mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí odò,
ó ń bá wọn ru símẹ́ńtì, ó ń súfèé.
Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì,
yunifọ́ọ̀mù Túnráyọ̀ ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.
Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kò sí ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀,
èmi ni n ó ka orí ilé mi
kí n tó ka ti àdúgbò.