Ibi Tí A Ó Sá Gbodo Sí

Ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn àwọn òkúta Ṣábẹ,
èmi àti ìyá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìlú,
fáìlì lọ́wọ́ mi, ọ̀bẹ iṣu ṣì há sí ìdí ìró tirẹ̀;
ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ilẹ̀ tí à ń tọrọ kò ju pèpéle símẹ́ǹtì kan lọ
ní ìdíkọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń já àpò òwú nígbà kan.
Ọkọ̀ ò kọjá níbẹ̀ mọ́. Koríko ti hù láàárín irin méjèèjì,
ewúrẹ́ Ìyá Bíọ̀ ló ń ṣe ọ̀gá ìdíkọ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún la ti ń sá gbodo níbẹ̀,
a ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi oòrùn.
Lọ́dún yìí ni ọmọkùnrin kan gbé ọ̀dà pupa dé,
ó kọ nọ́ńbà sára ògiri,
ó ní ilẹ̀ ìlú ni, ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó kọ̀wé.

Faransé ni fọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀.
Mò ń kà á, mò ń túmọ̀, ìyá mi ń dáhùn.
Kí lẹ fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?
"Sọ fún wọn pé iṣu ò lè gbẹ nínú ilé."
Mo kọ ọ́: òwò oúnjẹ.
Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?
Ó dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ọ́fíìsì
láti ìdí àmù omi títí dé ẹnu bàtà akọ̀wé.
"Ó kọjá ibí yìí díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀."
Mo kọ mítà mẹ́fà.
Ìgbà wo lẹ ó kúrò níbẹ̀?
Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá ìbéèrè náà sílẹ̀.
"Nígbà tí ọyẹ́ bá lọ. Kí ni n ó tún máa wá níbẹ̀?"
Kò sí ọyẹ́ nínú kàlẹ́ńdà wọn.
Mo kọ ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kejì.

Wọ́n ní ká ya àwòrán ibẹ̀.
Mo ya irin, mo ya pèpéle, mo ya igi máńgòrò.
"Ewúrẹ́ ńkọ́? Tí wọn ò bá rí ewúrẹ́,
wọn ò ní mọ ìdí tí mo fi ń jókòó tì í látàárọ̀."
Mo ya ewúrẹ́.

Ó wá ku ìtẹ̀ka.
Akọ̀wé náà, Wọ̀rú Akambí, di àtàǹpàkò rẹ̀ mú,
ó tẹ̀ ẹ́ sínú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé:
àmì dúdú róbótó, kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀.
Ó tún un tẹ̀. Bákan náà ni.
"Ìyá, níbo ni ìlà ọwọ́ yín wà?"
"Ó bá èèpo iṣu lọ. Ẹ lọ wò ó lórí ààtàn."

Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Iṣu tí a ti bọ̀ lómi gbígbóná kò mọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
A sá a sórí páànù, a sá a sórí bẹ́ẹ̀dì,
sórí tábìlì tí àbúrò mi fi ń kàwé.
Gbogbo ilé ń rùn kíkan.
Mo ní kó máa yọ́ lọ sí pèpéle nídàájí, ta ni yóò rí i?
Ó ní, "Ohun tí mo ti tọrọ, n kò lè tún jí i."

Ọjọ́ kẹtàlélógún ni ìwé jáde:
òǹtẹ̀ mẹ́ta, tẹ́ńbù kan, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù kó kú.
Òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí ká mi mọ́nà,
ìwé rin gbingbin.

Ìyá mi gbà á, kò sọ nǹkan kan.
Ó gbé agbọ̀n karí, ó di ìdíkọ̀.
Ó gbá pèpéle, ó sá gbodo sílẹ̀ ní pọ́ńpọ́nyán ewú rẹ̀,
ó tẹ́ ìwé náà sáàárín wọn,
ó fi òkúta lé e ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ààyè tí ìwé ọ̀hún gbà kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ;
a ò kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù.
Lábẹ́ máńgòrò, ewúrẹ́ Ìyá Bíọ̀
ti tẹjú mọ́ ọn.