Ọ̀nà Tí Gíláàsì Gbà Dé Òkè

Molupe, bí o bá ń gbé gíláàsì fèrèsé ìyá mi bọ̀,
má wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́wàá.
Dírẹ́bà rẹ̀ a máa sáré bí ẹni tí gbèsè ń lé.
Ti aago mẹ́fà ni kí o wọ̀, èyí tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀.
Jókòó lẹ́yìn pátápátá, láàárín àwọn àpò àgbàdo,
kí o gbé e lé itan bí ọmọ tuntun.

Ibi tí ọ̀dà ti tán ni bọ́ọ̀sì ń dúró.
Kò sí àmì kankan níbẹ̀,
àfi òkúta mẹ́ta, àti bàbá kan tó ń ta ìṣáná.
Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ Lesotho kò dùbúlẹ̀ mọ́;
ó ti dìde dúró.

Odò Senqu ló kàn.
Ọlọ́kọ̀ ojú omi a máa sùn ní òdìkejì.
Súfèé lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá gbọ́, a na ọwọ́ sókè.
Bí kò bá gbọ́, jókòó,
jẹ àkàrà òyìnbó rẹ.

Ẹṣin tí mo rán wá pàdé rẹ dúdú,
ó ní funfun kan níwájú orí bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ.
Má nà án. Ó mọ ilé jù mí lọ.
Ibi tó bá dúró, ìwọ náà dúró:
ó ní ohun tó gbọ́.
Bí ọ̀nà bá di tínínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, sọ̀ kalẹ̀,
jẹ́ kó ṣáájú, di ìrù rẹ̀ mú,
má sì wo ìsàlẹ̀.
Atẹ́gùn yóò fẹ́ gba gíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ.
Bọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ, fi wé e.
Ìwọ lè gbọ̀n. Òun kò gbọdọ̀ gbọ̀n.

Bí o bá bi àwọn ọmọ darandaran léèrè pé ó kù tó?
"Ibẹ̀ yẹn náà ni," ni wọn yóò wí,
wọn yóò sì yọ ẹnu sí ojú ọ̀run.
Má gbà wọ́n gbọ́. Má sì pè wọ́n ní òpùrọ́.
Ní ẹsẹ̀ tiwọn, ibẹ̀ yẹn náà ni.

Ha Ralepeli kò ní òpópónà, kò ní nọ́ńbà ilé.
Àsíá orí ọ̀pá ni kí o máa kà.
Pupa: wọ́n pa ẹran. Àwọ̀ ewé: ẹ̀fọ́ wà.
Funfun: ọtí ọkà bàbà ti kan.
Má yà sí ìdí funfun, Molupe. Mo mọ̀ ọ́.
Owó irun àgùntàn ọdún méjì ni o gbé dání.
Ilé wa kò ní àsíá.
Wá ilé tí páálí dí ojú fèrèsé rẹ̀.

Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́wàá ni Molupe wọ̀.
Òru ló dé, yìnyín lórí fìlà koríko rẹ̀,
ọtí lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀.
Ó tú búláńkẹ́ẹ̀tì, kò sọ̀rọ̀.
Gíláàsì náà ti sán láti igun dé igun,
ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí Senqu nínú máàpù ilé ìwé.

Mo la ẹnu. Ìyá mi gbé àtùpà sún mọ́ ọn,
ó fi èékánná tọ ojú sísán náà lọ, tó fi dé òpin.
"Òkè tí a fẹ́ máa fi wò," ló wí,
"ṣé òun náà kò sán ni?"
Ó yọ́ àbẹ́là sójú rẹ̀. Ó fún Molupe lóúnjẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó sídìí fèrèsé,
búláńkẹ́ẹ̀tì léjìká, ó ń ka àgùntàn tó ń jáde ní agbo.
Èyí tó bá kọjá ojú sísán a di méjì, a tún di ọ̀kan.
Mẹ́tàlá la ní.
Ó ka mẹ́rìndínlógún,
ó ní kí ẹnikẹ́ni má tún un kà.